Iyanrìn Là Ń Kà Ká Tó Ju Ìwọ̀

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dúró sí etí òkun Cape Cod, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, omi kan ṣoṣo ni yóò rí. Iyanrìn tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ fún nǹkan bí 40 máìlì láti Chatham dé Provincetown. Ìgbì ń gba orí ìgbì wọlé, kò sì sí ohun tó jọ pé ó ya ọ̀tún sọ́tọ̀ lára òsì. Àlejò á wá ibi tí kò jìnnà sí mọ́tò rẹ̀, á fi gbogbo agbára ju ìjẹ síwájú, á sì máa retí. Ọmọ ibẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ dúró sórí òkè iyanrìn, á wo omi títí, á rìn síwájú díẹ̀, á tún wò ó, kó tó di pé ó tú okùn ìwọ̀ rẹ̀. Abẹ́ omi ni ohun tó ń wá wà, ṣùgbọ́n ojú omi ló ń jẹ́rìí sí i.

Ẹja tí àwọn méjèèjì ń lé ni striped bass. Àwọn ará Maryland àti Virginia ń pè é ní rockfish, àwọn ará òkè àríwá sì ń pè é ní striper. Ẹja abilà ni: ìlà dúdú méje tàbí mẹ́jọ ló gùn láti ẹ̀yìn orí rẹ̀ dé ìrù. Ó lè gbé ayé tó 30 ọdún. Omi tí kò níyọ̀ ló ti ń yé ẹyin, nínú àwọn odò tó ṣàn wọ Chesapeake Bay, nínú odò Hudson àti odò Delaware, ṣùgbọ́n inú òkun ni púpọ̀ nínú wọn ti ń dàgbà. Nígbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀, tó sì ti yé ẹyin tán, á gba etí òkun lọ sí àríwá, tó fi jẹ́ pé ní oṣù Karùn-ún á ti dé Massachusetts. Láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kọkànlá, nígbà tí ewé bá ń wọ́, á tún gba ọ̀nà kan náà padà sí gúúsù. Nítorí pé etí òkun ni ọ̀nà rẹ̀, ẹni tí kò ní ọkọ̀ ojú omi, tó kàn wọ bàtà rọ́bà gígùn, lè bá ẹja tó wọn 40 pọ́n-ùn pàdé nínú omi tí kò kọjá ìbàdí.

Oúnjẹ ló ń fà á sún mọ́ ilẹ̀: ẹja wẹ́wẹ́, akàn, àti ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní sand eel, tó ń wọnú iyanrìn sùn. Ẹja abilà lágbára, àmọ́ kì í fi agbára náà ṣòfò. Ibi tí omi yóò ti gbé oúnjẹ wá bá a ló ń dúró sí. Ìbéèrè méjì péré ló wá kù fún apẹja: ibo ni omi ti ń gbé oúnjẹ kọjá, ìgbà wo ló sì ń gbé e? Iyanrìn ló ń dáhùn àkọ́kọ́. Òṣùpá ló ń dáhùn èkejì.

Ìgbì ló ń wọn omi

Iyanrìn abẹ́ òkun kò tẹ́jú. Ìgbì máa ń kó o jọ di òkìtì gbọọrọ tó bá etí òkun lọ lọ́ọ̀ọ́kán. Láàárín òkìtì náà àti ilẹ̀, kòtò wà tí omi rẹ̀ jìn ju ti orí òkìtì lọ. Òkìtì náà kì í sì í ṣe odindi. Níbì kọ̀ọ̀kan omi ti já a, ibẹ̀ sì ti di ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà padà sójú agbami. Ẹni tó bá lè rí òkìtì, kòtò àti ẹnu ọ̀nà láti orí ilẹ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ìgbì ló ń fi wọ́n hàn, torí ìgbì kì í ṣàdédé fọ́. Bí omi bá jìn, á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tí ìsàlẹ̀ bá sún mọ́ ọn ló ń dojú dé. Ìgbì tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3 yóò fọ́ níbi tí omi bá jìn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yìí lè dúró sórí iyanrìn gbígbẹ kó wọn jíjìn omi láìfi ẹsẹ̀ kàn án. Bí ó bá rí ìlà funfun lókèèrè, òkìtì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ìgbì yẹn kan náà bá gbé ìfófò rẹ̀ mì, tó rọlẹ̀, tó tún wá fọ́ lẹ́ẹ̀kejì ní ẹsẹ̀ ilẹ̀, kòtò ló kọjá lórí rẹ̀ láàárín. Bí ìlà funfun náà bá sì já lójijì, tí omi ibẹ̀ ṣú, tí ìgbì ń wọlé láìfọ́ nígbà tí ti ọ̀tún àti ti òsì rẹ̀ ń fọ́, ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Nígbà mìíràn ìfófò àti omi aláwọ̀ iyanrìn tó ń tò jáde sójú òkun níbẹ̀ á tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ìdí tí ẹja fi fẹ́ràn ibẹ̀ kò le. Ìgbì kọ̀ọ̀kan ń da omi kọjá òkìtì sínú kòtò. Omi náà kò lè gba orí òkìtì padà, torí ìgbì mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Á wá tọ kòtò lọ, á wá ẹnu ọ̀nà kàn, á sì rọ́ jáde. Ohunkóhun tí ìgbì bá hú nínú iyanrìn, tàbí ẹja wẹ́wẹ́ tí omi bá tì, ẹnu ọ̀nà yẹn ni yóò bá kọjá. Ẹja abilà kì í dúró sí agbedeméjì rẹ̀, níbi tí yóò ti máa bá omi jà. Etí ló ń rọ̀ mọ́, níbi tí omi sísáré ti pàdé omi tó rọra ń lọ, tí yóò kọjú sí ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà bọ̀. Apẹja tó mọ èyí kì í ju ìjẹ lu ẹja lórí. Òkè ìṣàn ló ń jù ú sí, á sì jẹ́ kí omi gbé e sọ̀ kalẹ̀ dé ẹnu ẹja, bí omi ṣe ń gbé gbogbo oúnjẹ tòótọ́ wá.

Iyanrìn tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ pàápàá ń sọ̀rọ̀. Níbi tó bá ti rí wóró-wóró, tó sì dagun sínú omi, omi jìn nítòsí ilẹ̀. Níbi tó bá kúnná bí èlùbọ́, tó tẹ́ lọ, èèyàn lè rìn jìnnà kí omi tó dé orúnkún rẹ̀. Níbi tó bá ti dagun, ìgbì tó kẹ́yìn máa ń gbẹ́ ihò kan sí ẹsẹ̀ ilẹ̀ gan-an, akàn àti sand eel sì ń yí gbirigbiri nínú rẹ̀. Ẹja ńlá ń wá jẹun níbẹ̀, ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí ilẹ̀. Apẹja tó bá sáré wọnú omi kí ìjẹ rẹ̀ lè lọ jìnnà ti tẹ ẹja rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá ń wá a kiri lókèèrè.

Omi ń kún, omi ń fà

Ní gbogbo etí òkun yìí, omi ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì. Wákàtí 12 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ló wà láàárín ìkún kan àti èkejì, nítorí náà, ìkún tó bọ́ sí aago mẹ́jọ alẹ́ òní yóò bọ́ sí nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú 10 lọ́la. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń pẹja lópin ọ̀sẹ̀ nìkan ti ń ṣìnà. Á ṣe oríire lálẹ́ Sátidé, á padà wá síbi kan náà ní aago kan náà ní Sátidé kejì, ọwọ́ rẹ̀ á sì ṣófo. Láàárín ọjọ́ méje, àkókò omi ti sún ní wákàtí mẹ́fà ó dín díẹ̀. Ìgbà tí omi ti kún lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ń fà tán lọ́sẹ̀ yìí. Bí ó bá dúró di Sátidé kẹta ni omi yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí bó ṣe wà.

Omi kì í sì í rìn dọ́gba. Àwọn atukọ̀ ní ìṣirò àtijọ́ kan: bí a bá pín gbogbo omi tí yóò wọlé sọ́nà 12, ìdá kan ń wọlé ní wákàtí kìíní, ìdá méjì ní wákàtí kejì, ìdá mẹ́ta ní ìkẹta, mẹ́ta ní ìkẹrin, méjì ní ìkarùn-ún, ìkan ní ìkẹfà. Ìyẹn ni pé ìdajì gbogbo omi náà ń wọlé láàárín wákàtí méjì péré. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tó di òṣùpá àrànmọ́jú, oòrùn àti òṣùpá á pa agbára pọ̀, omi á kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sì fà jìnnà. Bí òṣùpá bá ku ààbọ̀, omi á rọ̀.

Èwo wá ni ìgbà tó dára jù? Ìdáhùn kan ṣoṣo kò sí, torí òkìtì, kòtò àti ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tirẹ̀. Nígbà tí omi bá fà tán, òkìtì lè yọrí síta, kí kòtò ẹ̀yìn rẹ̀ di adágún tí ẹja kò lè wọ̀. Bí omi bá ti kún fún wákàtí méjì, ẹja á gba ẹnu ọ̀nà wọlé, á máa tọ kòtò lọ. Bí omi bá kún tán, òkìtì á rì débi pé ìgbì kò ní fọ́ lórí rẹ̀ mọ́, ẹja á sì fọ́n ká. Bí omi bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà, gbogbo ohun tó wà nínú kòtò á rọ́ gba ẹnu ọ̀nà jáde, ẹja á sì lúgọ síta ẹnu náà. Apẹja tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń bá omi rìn: ẹnu ọ̀nà ló ń bẹ̀rẹ̀, á wọ kòtò, á wá etí ilẹ̀, á tún padà sí ẹnu ọ̀nà.

Ibì kan yàtọ̀ sí ibì kan. Ní Cape Cod Bay, omi ń gòkè ń sọ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 9 sí 10, tó fi jẹ́ pé ibi tí ọkọ̀ ojú omi gbà kọjá láàárọ̀ lè di ilẹ̀ gbígbẹ lọ́sàn-án. Ní Montauk, ní ṣóńṣó Long Island ní New York, ẹsẹ̀ bàtà 2 péré ni. Bí omi ṣe ga tó kọ́ ni apẹja Montauk ń wò, bí kò ṣe bí ó ṣe ń sáré yí ṣóńṣó ilẹ̀ náà ká. NOAA, àjọ ìjọba tó ń rí sí òkun àti ojú ọjọ́, ń tẹ àkókò ìkún àti ìfà jáde fún àìmọye ibi. Ìwé náà wúlò, ṣùgbọ́n òṣùpá ló mọ̀, kò mọ atẹ́gùn. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti òkun wá sí ilẹ̀, omi á kún ju bí a ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ lọ, ó sì lè pẹ́ kó tó fà.

Ògiri òkúta àti ẹnu ọ̀sà

Níbi tí èèyàn bá ti kọ́ ògiri òkúta wọnú òkun, iyanrìn kò lè rìn bó ṣe fẹ́ mọ́. Ará Èkó kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Ògiri méjì tí wọ́n kọ́ sí ẹnu ọ̀sà Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún dá iyanrìn tó ń rìn láti ìwọ̀-oòrùn dúró. Ilẹ̀ fẹ̀ sí i ní apá Lighthouse Beach, òkun sì jẹ Bar Beach wọlé títí ó fi di ohun tí wọ́n ń kó òkúta dí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní àríwá New Jersey, àfi pé àríwá ni iyanrìn tiwọn ń rìn lọ, ìyẹn ló sì ń mú kí Sandy Hook máa gùn sí i. Gúúsù ògiri kọ̀ọ̀kan ni iyanrìn ń kó jọ sí. Àríwá rẹ̀ ni omi ti ń gbẹ́ ilẹ̀ jìn. Apẹja tó bá mọ apá tí iyanrìn ń rìn sí ti mọ apá tí omi ti jìn kó tó débẹ̀.

Orí irú ògiri bẹ́ẹ̀ ni Al McReynolds dúró sí ní Atlantic City, lálẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982, tí ìjì ń jà, nígbà tó fi ìwọ̀ mú ẹja abilà tó wọn pọ́n-ùn 78 àti ààbọ̀. Kò sí ẹni tó fi ìwọ̀ mú èyí tó tóbi jù ú lọ lágbàáyé títí di ọdún 2011, nígbà tí Greg Myerson mú ọ̀kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pọ́n-ùn 82 ní Connecticut, láti inú ọkọ̀ ojú omi. Ti McReynolds kì í ṣe àdììtú. Ìjì ń da ẹja wẹ́wẹ́ lu òkúta, omi funfun ń bo ẹja ńlá lójú, oúnjẹ wà lẹ́sẹ̀ ògiri. Ewu ibẹ̀ náà kò kéré: òkúta ń yọ̀, ìgbì ńlá sì ti gbá ọ̀pọ̀ apẹja kúrò lórí irú rẹ̀.

Ẹnu ọ̀sà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Níbẹ̀, ìgbà tí omi kún tán kì í ṣe ìgbà tí omi dúró. Ọ̀sà tó tóbi tó ní ẹnu tóóró kì í tètè kún, kì í sì í tètè gbẹ. Omi lè máa rọ́ jáde fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí òkun ìta ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ẹni tó bá gbé ìwé àkókò dání tí kò wo omi yóò ti lọ sílé kí ẹja tó jẹun. Cape Cod Canal, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1914, fi èyí hàn gbangba. Omi ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì kì í kún ní ìgbà kan náà: nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ló wà láàárín wọn. Nítorí náà, omi odò àtọwọ́dá yìí ń sáré sí apá kan, á dúró fún ìgbà díẹ̀, á sì tún sáré padà, ó sì lè tó nǹkan bíi máìlì 5 láàárín wákàtí kan. Àwọn apẹja ibẹ̀ máa ń jí wá wo ìgbà tí omi yóò yí padà ní ìdájí.

Ìjì ń pa á rẹ́

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ yìí kì í pẹ́ láyé. Ìjì òtútù kan lè kó iyanrìn etí òkun lọ sínú omi lóru ọjọ́ kan, kó dí ẹnu ọ̀nà tí ẹja ń gbà, kó sì la òmíràn síbi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ìgbì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó rọra ń bọ̀ á tún máa kó iyanrìn náà padà díẹ̀díẹ̀. Òkè ìta Cape Cod ń sá sẹ́yìn ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ́dún. Lọ́dún 1996, wọ́n ní láti gbé Highland Light, ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà ní Truro, wọlé ní ẹsẹ̀ bàtà 450 kó má baà já sókun. Ní New Jersey, ìjọba ń fọ́n iyanrìn sí etí òkun kí ilé má baà wó. Ó ń dáàbò bo ilé, ṣùgbọ́n ó ń dí kòtò, ó sì ń bo òkúta tí ẹja ń fara pamọ́ sí.

Ẹ̀dá mìíràn náà ti dá sí i. Massachusetts ń sanwó fún ẹni tó bá pa seal, ẹran inú òkun tó ń jẹ ẹja, títí di ọdún 1962. Láti ìgbà tí òfin ọdún 1972 ti dáàbò bò wọ́n, wọ́n ti pọ̀ rẹpẹtẹ ní etí Cape Cod, àkùrákudà ńlá sì ti tẹ̀lé wọn wá. Seal máa ń gba ẹja lójú ìwọ̀. Àkùrákudà pa ọkùnrin kan nínú omi ní Wellfleet ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018. Ibi tí bàbá ẹni ti ń pẹja nínú omi tó dé ìbàdí lọ́dún 1970 lè jẹ́ ibi tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ̀ kọjá kókósẹ̀ lónìí.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé àṣírí tí àwọn apẹja ń fi pa mọ́ fún ara wọn, pé “lágbájá ti mú ẹja ńlá níbí yìí,” kò níye lórí tó bí wọ́n ṣe rò. Ojúko kò ṣeé jogún. Ojú tí a fi ń mọ̀ ọ́n ló ṣeé jogún. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kó fi ọ̀pá ìwọ̀ sílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kó mú ọjọ́ tí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tí omi fà jìnnà lọ́sàn-án, kó rìn lórí iyanrìn tí omi tú síta. Yóò rí òkìtì, kòtò àti ẹnu ọ̀nà ní ìhòòhò. Kó fi fóònù ya wọ́n, kó fi ilé tàbí òpó kan sàmì. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ohun tó rí lójú mọmọ ni yóò ṣọ́ ọ nígbà tó bá padà wá lóru, torí òru ni ẹja ńlá ń sún mọ́ ilẹ̀ jù. Lẹ́yìn ìjì tó bá tẹ̀lé e, kó tún lọ wò ó.

Kíkà yìí kan náà ló ń dáàbò bo ẹ̀mí. Ẹnu ọ̀nà tó dára fún ẹja ló ń gbé èèyàn lọ: omi rẹ̀ lè sáré tó ẹsẹ̀ bàtà 8 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó bá bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá a jà. Kó wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, kó máa bá etí ilẹ̀ lọ títí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀, kó tó kọjú sílé. Kó di ìgbànú mọ́ bàtà rọ́bà gígùn rẹ̀ kí omi má baà kún inú rẹ̀. Ẹni tó dúró sórí òkìtì nígbà tí omi ń kún náà gbọ́dọ̀ rántí pé kòtò wà lẹ́yìn rẹ̀, kòtò yẹn ló sì ń kọ́kọ́ kún.

Ẹja náà sì ti ń dín kù. Láti ọdún 1639 ni ìjọba Massachusetts Bay ti fòfin de fífi ẹja abilà ṣe ajílẹ̀, síbẹ̀ nǹkan tún bàjẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 débi pé Maryland dá pípa rẹ̀ dúró pátápátá láti ọdún 1985 dé 1990. Ó gbèrú padà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2019, ọmọ ẹja tó ń ye ní Chesapeake Bay kò tó nǹkan, nítorí náà, láti ọdún 2023, ẹja kan ṣoṣo lójúmọ́, tó gùn láàárín 28 sí 31 íǹṣì, ni òfin gbà kí ẹni tó ń fi ìwọ̀ pẹja létí òkun gbé lọ sílé. Àwọn onímọ̀ sì ń ṣírò rẹ̀ pé nínú ẹja 100 tí a mú tí a dá padà, nǹkan bí 9 yóò kú.

Ẹni tí ìṣirò yìí kàn jù ni ẹni tó mọ òkun kà. Àlejò tó ń ju ìjẹ síbi tí kò sí nǹkan kan kò lè ṣe ẹja níbi púpọ̀. Ẹni tó mọ ibi tí wọ́n wà àti ìgbà tí wọ́n ń jẹun lè mú ogún lóru ọjọ́ kan, kó dá gbogbo wọn padà, kó sì pa méjì láìmọ̀. Ọgbọ́n tó fi rí wọn ló yẹ kó sọ fún un ìgbà tó tó láti ká okùn rẹ̀, bí ẹja tilẹ̀ ṣì ń jẹ.